Bí a ṣe pa Ṣàngó ní pálọ̀ Ìyá àgbà

1/ Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ bí a ṣe pa Ṣàngó lálẹ́ Sátidé kan ní Epinmi. Géèmù ni o, ẹ má tíì bú mi.

2/ Dungeons & Dragons la ń ṣe. Ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á jẹ́ akọni inú ẹ̀, dáìsì olójú ogún lá sọ ẹni tó yege. Èmi ni mò ń pa ìtàn, èmi náà ni mò ń dá òrìṣà ibẹ̀.

3/ Ní 1980, wọ́n tẹ ìwé òrìṣà kan jáde fún géèmù yìí, Deities & Demigods. Ti Gíríìsì, ti Íjíbítì, ti Íńdíà, wọ́n kọ iye ẹ̀mí tí kálukú ní. Ti Zeus jẹ́ 400. Ti Yorùbá ò sí níbẹ̀. Inú bí mi, ni mo bá fún Ṣàngó ní 400 tiẹ̀.

4/ Àṣé ohun tó bá ti ní nọ́ńbà, wọ́n á yọ ọ́ tán ni. Dáìsì bọ́ sí ogún, ọ̀rẹ́ mi pariwo: "A ti pa Ṣàngó!" Ìyá àgbà yọjú láti kíṣìnnì: "Ta lẹ pa?"

5/ Mo rò pé àdúrà ló kàn. Wọ́n kàn bi mí pé: "Kí ló ń jẹ? Kí lèèwọ̀ ẹ̀? Ta ló ń bọ ọ́?" Mi ò kọ ìkankan. "Ẹranko lẹ pa, kì í ṣe Ṣàngó."

6/ Ìyá àgbà yìí kì í jẹ ọkẹ́tẹ́. Ilé bàbá wọn kì í jẹ ẹ́. Ojúbọ ti wó, wọ́n ti ṣèrìbọmi láti kékeré, síbẹ̀ òrìṣà yẹn ṣì ń pàṣẹ lórí ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Ẹ̀mí mélòó lẹ fẹ́ kọ fún irú ẹ̀?

7/ Ibi tí ènìyàn ò sí, òrìṣà ò sí. Àdéhùn ló ń sọ ọ́ di òrìṣà. Ọbàtálá gba ìgbín, kò fẹ́ ẹmu. Èṣù gba epo, kò fẹ́ àdín.

8/ Mo yọ Ṣàngó kúrò. Àwọn tó ń bọ ọ́ wà láàyè, láti Ọ̀yọ́ dé Brazil. Mo wá dá òrìṣà òkè kan fúnra mi. Kò ní nọ́ńbà. Iyán tuntun ló ń jẹ. Ẹni tó bá purọ́ lórí òkè ẹ̀ ò ní mọ̀nà ilé mọ́.

9/ Sátidé tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi tó pa Ṣàngó fi odindi àpò wúrà sílẹ̀ lórí òkè yẹn, torí irọ́ ni ì bá fi gbà á. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan dáìsì.

10/ Inú mi dùn, mo lọ ròyìn fún Ìyá àgbà. Wọ́n ní: "Ó dáa. Ta ló ń gún iyán ẹ̀?"

Mo ti padà sídìí ìwé mi.