Ìdúró Lẹ́nu Ọ̀nà Amẹ́ríkà

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú, nítorí pé ó kan àṣìṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ní ọmọ nọ́ọ̀sì tí ń retí àtilọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà pọ̀ láàrin yín, a sì rò pé ìtìjú wa lè ṣe wọ́n ní àǹfààní.

Ọmọ àbúrò wa obìnrin kan ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìnlá ní ilé-ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ilé-ìwòsàn kan lókè òkun kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé àwọn ń fẹ́ ẹ síṣẹ́, ìjọba sì tẹ́wọ́ gba ìwé náà kí ọdún tó yípo. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ó tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nísinsìnyí ni, àbí kí n dúró títí wọn yóò fi pè mí?” A dá a lóhùn pé, “Kọ ọ́, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀.” Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó kọ ọ́. Ó sì sọ fún onílé pé àwọn kò ní san owó ilé ti ọdún tí ń bọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ni àgbà ọjà yẹn, orí ọmọ sì wọ́ lójú wa. Nínú ìwé ìkéde tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ fún oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 síwájú ẹgbẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì wà: ẹni tí ìwé rẹ̀ ti dé ṣáájú ọjọ́ náà lè tẹ̀ síwájú, ẹni tí tirẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò dúró. Ní oṣù tí ó ṣáájú, kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀ tí ó dí ọ̀nà àwọn ará ilẹ̀ wa.

Bí ètò náà ti rí nìyí. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990 ya ìwé ìgbélùú 140,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí iṣẹ́ mú wá. Ọkọ, aya àti ọmọ wọn wà nínú iye yìí pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kan tí ó ní ọkọ àti ọmọ méjì fi ń mú mẹ́rin nínú rẹ̀. Òfin náà sì sọ pé kí ìpín orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo má ṣe ju méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìbáà ṣe Íńdíà tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ju bílíọ̀nù kan lọ, ìbáà ṣe erékùṣù kékeré kan láàrin òkun. Nítorí náà, ní àárín ọdún 2023, àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ní oyè gíga, tí ìwé wọn sì ti wọlé ní ọdún 2011, ṣì ń dúró. Ọdún méjìlá! Ọmọ tí ó bá pé ọdún 21 kí ó tó kan òbí rẹ̀ lè já kúrò nínú ìwé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọdún 2002 dín ìnira yìí kù díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé iye náà ni ó kéré nìkan, à bá gbà. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ọdún 2021. Àrùn kòrónà ti ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú pa ní ọdún 2020. Ìwé tí àwọn ìbátan ará Amẹ́ríkà ìbá gbà kù nílẹ̀, òfin sì kó wọn fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, tí iye tiwọn fi ju 260,000 lọ. Ọwọ́ àwọn akọ̀wé kò yá tó. Nígbà tí ọdún ìṣirò wọn parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìwé tí ó ju 60,000 lọ ṣòfò láìsí ẹni tí ó gbà á. Ta ni yóò ṣàlàyé èyí fún ẹni tí ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọjọ́ inú ìkéde náà fà sẹ́yìn dé ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2020. Lóṣooṣù ni ọmọ wa ń wò ó, bí arọ ọlọ́dún 38 nì ti ń wo omi Bẹtẹsda, tí ẹlòmíràn sì ń sọ̀kalẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìwé tí ó fi owó wá pẹ̀lú ń gbó lọ́wọ́ rẹ̀: èsì ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ju ọdún méjì lọ, àyẹ̀wò ara kì í sábà ju oṣù mẹ́fà lọ. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó rí iṣẹ́ òru ní ilé-ìwòsàn aládàáni kan, owó oṣù rẹ̀ kò tó ìdajì ti àtijọ́. Ọkọ rẹ̀, tí kì í pa iyán ọjọ́ Ìsinmi wa jẹ, kò wá mọ́. Ó ń rán àwọn ọmọ wá kí wa.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọjọ́ náà tún lọ síwájú dé ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ó sì kàn án. Wọ́n pè é sí Èkó ní oṣù kẹfà, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ. Nínú ìkéde oṣù keje, ọjọ́ náà ti padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2021.

Nígbà tí wọ́n wá dágbére, a bẹ ọkọ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti tán nínú mi.” Ó sì béèrè bóyá iyán wà nílé.

Ọ̀rẹ́ ọmọ wa kan, nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀, bá wọn wá lọ́jọ́ náà. Oṣù kejìlá ọdún 2022 ni ìwé tirẹ̀ wọlé. Ó bi wá ní ìbéèrè kan náà, bóyá kí òun kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí òun lè ráyè múra. A bi í pé ìgbà wo ni ó tún ń lọ síbi iṣẹ́.

“Lálẹ́ òní ni, Bàbá.”

“Tètè máa lọ, ọmọ mi, kí ọkọ̀ má baà pẹ́ ọ.”