Nígbà tí ènìyàn ló ń sọ pé àkókò ti tó

Ní Kumasi, nígbà tí kafé íntánẹ́ẹ̀tì gbòde, ènìyàn ló ń sọ fún ènìyàn pé àkókò ti tó. Ọmọkùnrin tó ń gbowó ní kafé Adum tàbí ti Ayigya, lẹ́bàá yunifásítì, mọ ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì mọ ẹni tó ti sùn lọ níwájú ẹ̀rọ. Á rọra fọwọ́ kàn ẹ́ léjìká: "Bọ̀ọ̀dá, àkókò yín ti ń lọ o." Bí lẹ́tà bá ku ìlà méjì, á ní kí ẹ parí rẹ̀. Àánú wà nínú òwò yẹn.

Lónìí, láti ilé ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń wọ inú sáfà, ẹ̀rọ àjùmọ̀lò ọ́fíìsì, sáfà fúnra rẹ̀ ló sì ń ka ìṣẹ́jú. Bí o kò bá tẹ nǹkan kan fún iye àkókò tí wọ́n là sílẹ̀, á já ìlà rẹ. Mo mọ ìdí rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Bí ọ́fíìsì kò bá ra àṣẹ kún un, alábòójútó méjì péré ni Windows Server ń gbà wọlé láti òkèèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá wọlé tán tí wọ́n lọ jẹun, ẹni kẹta dúró síta nìyẹn. Dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Ghana, náà dá kún un. Láàárín ọdún 2012 sí 2016, iná á lọ nílé òṣìṣẹ́, sáfà á ṣì máa di àyè mú fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lórí Linux, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní ClientAliveInterval. Ó máa ń béèrè lóòrèkóòrè bóyá o ṣì wà, bí kò bá sì gbọ́ èsì, á já ìlà. Ó dùn létí, àmọ́ ẹ̀rọ ló ń bi ẹ̀rọ. Ẹni tó sùn fọnfọn lè wà lórí ìlà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ sì di ẹni tí a yọ kúrò. Windows ń kìlọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ni ìkìlọ̀ náà wà. Ìyá tó lọ gbé ọmọ tó ń ké kò lè rí i.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn ọ̀gá ẹ̀rọ tó ń pa iṣẹ́ ènìyàn rẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí ìlà bá já. Kò pọn dandan. Sáfà lè já ìlà, kó sì tọ́jú iṣẹ́ náà bí ó ṣe wà fún wákàtí mélòó kan, kí onítọ̀hún padà wá bá a.