Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

 

Bí mo bá kọ ‘oko’ sójú pátákó tí mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì sílẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bóyá oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni? Ẹ ó wo ibi tí ó jókòó sí nínú gbólóhùn. Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyí; n kò mọ̀ pé yóò kan ẹbí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ní abúlé kan nítòsí Ẹgbẹ́dá, ní àmì dúdú kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó ń fẹ̀ sí i. Jẹjẹrẹ awọ ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni irú rẹ̀ ti wọ́pọ̀ jù lára àwa aláwọ̀ dúdú. Wọ́n gé e, wọ́n sì yọ kókó kan ní ìdí itan, irú èyí tí ó máa ń wú bí ọgbẹ́ bá wà lẹ́sẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ ní jẹjẹrẹ ti dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí lójú: “Àbúrò mi, ẹ̀gẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn yìí, ṣé èmi ni n ó hú u?” N kò lè dáhùn.

A bẹ onímọ̀ mìíràn kí ó tún un wò. Ó ní sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sábà máa ń gba abẹ́ èèpo kókó wọ inú rẹ̀. Inú èèpo náà gan-an ni àwọn wọ̀nyí wà, wọ́n kéré, wọ́n sì dọ́gba. Ọ̀dà HMB-45, tí ó sábà máa ń mú jẹjẹrẹ yìí, kò mú wọn. Sẹ́ẹ̀lì àmì ara lásán ni, tí kì í pani lára. Ní ọdún 1931 ni Stewart àti Copeland ti ròyìn irú wọn nínú kókó. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé láti inú oyún ni wọ́n ti ṣìnà débẹ̀. Àwọn mìíràn ní omi ara ló gbé wọn wá láti awọ.

Ìrísí kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì wà ni gbólóhùn rẹ̀. Ọ̀dà ni àmì ohùn rẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dókítà ṣì ń yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí mo bá yọ máàkì nítorí àmì ohùn, ẹ má bínú. Mo ti rí ibi tí àṣìkà ń gbé ènìyàn dé.

Ire o.