Ẹ̀kọ Láfún àti Iná Oòrùn

Ẹ̀yin ìyá, ẹni tí ó bá ti wo bí àwọn àgbà obìnrin Ẹ̀gbá ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò mọ̀ pé aró nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ láfún ni ó ń dènà aró níbi tí a kò ti fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sólà tuntun tí wọ́n ń pè ní perovskite rí.

Ní ọdún 2009 ni Tsutomu Miyasaka àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù kọ́kọ́ fi í sọ oòrùn di iná, ìwọ̀n bíi 4 péré nínú 100. Lónìí ó ti ju 26 lọ ní yàrá ìwádìí. Perovskite ni gbogbo ayé ń yìn. Ní tèmi, ìyìn náà tọ́ sí àwọn ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí oòrùn bá ràn sí i, electron a ṣí kúrò, a sì fi àyè òfìfo sílẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá tún pàdé, iná ti ṣòfò. Ìpele kan a jẹ́ kí electron kọjá, a sì dí ọ̀nà mọ́ àyè òfìfo. Ìpele kejì, tí a lè fi nickel oxide ṣe, a ṣe òdìkejì.

Titanium oxide, tí ó ń mú ọ̀dà ilé funfun, ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò jù fún electron, ṣùgbọ́n ó sábà ń fẹ́ ooru bí 450 sí 500. Zinc oxide, èyí tí ó wà nínú ìpara tí a fi ń pa ìdí ọmọ, kò fẹ́ ooru tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń ba perovskite jẹ́ bí ó bá gbóná. Tin oxide ni ọ̀pọ̀ yàn nísinsìnyí: 150 tó o, ààrò búrẹ́dì gan-an gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú mi dùn pé ọmọ wa obìnrin kan, Ọmọlará Oyèládé, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Winston Soboyejo àti àwọn mìíràn, fi hàn ní ọdún 2020 pé bí a bá tẹ àwọn ìpele náà mọ́ra wọn níwọ̀nba, iná tí ó ń jáde lè fi nǹkan bí 40 nínú 100 pọ̀ sí i. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó tún dínkù.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá perovskite, òjò wa kò sì kéré. Òjé tún wà nínú rẹ̀, èyí tí ó léwu fún ọpọlọ ọmọdé. Silicon ni ó pọ̀ jù nínú sólà tí a ń rà. Ọdún 2024 ni Oxford PV ṣẹ̀ṣẹ̀ ta àkọ́kọ́ èyí tí a pa perovskite pọ̀ mọ́ silicon. Bí ó bá dé ọjà wa, ẹ bi ontajà léèrè iye ọdún tí yóò lò lábẹ́ òjò, àti ẹni tí yóò gbà á padà bí ó bá fọ́.