Orúkọ Ẹni Tí Ó Ṣe É: Ọ̀ṣọ́ Àfọwọ́ṣe láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ọ̀ṣọ́ ara, yálà ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́, yẹtí tàbí òrùka, lè sọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fún ayé, ó sì lè sọ ẹni tí ó ṣe é. Ti àkọ́kọ́ ni Yorùbá mọ̀ jù láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nítorí pé bí a bá rí ẹni tí iyùn kún ọrùn rẹ̀, oyè rẹ̀ tàbí ìdílé rẹ̀ ni a ó bèèrè, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè orúkọ ẹni tí ó gé iyùn náà, tí ó dá a lu, tí ó sì sín in. Láti inú ti ìkejì ni irú iṣẹ́ kan ti jáde láyé òde òní, èyí tí a lè pè ní ọ̀ṣọ́ oníṣẹ́ ọnà, ìyẹn ọ̀ṣọ́ tí ẹnì kan fi orí ara rẹ̀ gbèrò, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ fún aráyé wò pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ àwòrán tàbí ère. Museum of Modern Art ní New York ti ṣe irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ní 1946, Goldsmiths' Hall ní London sì ṣe tirẹ̀ ní 1961. Bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jọ ti ìlú òkèèrè, ó kan Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní Èkó gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun èlò iṣẹ́ náà ń gbà wọ Nàìjíríà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí ó lè sọ ọ́ di ọnà ń gbé.

Láàárín 1921 sí 1926 ni ìjọba amúnisìn kọ́ èbúté omi jíjìn àkọ́kọ́ sí Àpápá, kí ọkọ̀ òkun ńláńlá lè sún mọ́ ilẹ̀ já ẹrù, èbúté Tin Can Island sì tẹ̀ lé e ní 1977, nígbà tí ẹrù ti pọ̀ ju ohun tí èbúté kan lè gbà lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ti wà lára ẹrù tí ọkọ̀ ń kó wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tipẹ́tipẹ́: ti gíláàsì tí wọ́n ń ṣe ní Venice àti ní Bohemia ni ó gbòde láyé àwọn amúnisìn, ti Ṣáínà ni ó gba ọjà lónìí, tí àwọn oníṣòwò ń kó ní àpò-àpò láti ọjà Balógun lọ sí gbogbo ìgboro Èkó. Àwọn ọkọ̀ kan náà ni ó ń kó ẹ̀rọ àlòkù wá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn èbúté Èkó fi hàn pé ní 2015 àti 2016, nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná mànàmáná tòkunbọ̀ ni ó wọlé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú òkú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni wáyà bàbà àti idẹ pọ̀ sí, tí àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn àwọn tí ń ra irin àlòpatì, ń tú jáde tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n tà. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ń sun wáyà níná kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè bọ́, nítorí èéfín rẹ̀ májèlé ni fún ọmọdé àti àgbà tí ó bá fà á símú. Ọ̀bẹ ni ó yẹ kí wọ́n fi bó o, bí ó tilẹ̀ ń jẹ àkókò.

Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí èbúté náà ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn. Orin àti bọ́ọ̀lù ni ayé fi ń mọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ ni pẹ̀lú. Ìlàjẹ àti àwọn Yorùbá yòókù, Ìgbò, Ìjọ́, Ùróbò, Ìsẹ̀kírì, Ẹ̀dó àti Haúsá jọ ń gbé inú rẹ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní bí ó ṣe ń ṣe ọmọ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó àti lọ́jọ́ ìsìnkú àgbà. Ìyàwó Ẹ̀dó ń dé okuku, ìyẹn adé tí wọ́n fi iyùn hun. Iyùn ni ìyàwó Ùróbò náà fi ń kún ọrùn. Ìyàwó Yorùbá lè mú iyùn, ó sì lè mú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí àwọ̀ rẹ̀ bá aṣọ òkè rẹ̀ mu. Èyí túmọ̀ sí pé obìnrin tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀ṣọ́ ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin dunjú, kí ó mọ ibi tí iyùn ńlá ń wà àti ibi tí kékeré ń wà, kí ó sì mọ iye ìlà tí ó yẹ ọmọge àti iye tí ó yẹ ìyá ọkọ. Okùn ìwọ̀ tí apẹja ń lò ni ó fi ń sín in, nítorí pé òwú lásán kò lè gba ìwúwo rẹ̀; bí ó bá sín in tán, yóò ta kókó lẹ́ẹ̀mejì, yóò gé orí okùn, yóò sì fi iná ìṣáná kàn án díẹ̀ kí ó lè yọ́, kí ó má baà tú lọ́rùn ẹni tí ó ń jó. Ìmọ̀ ni gbogbo èyí, ọdún púpọ̀ ni ó sì ń gbà kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó gbà á tán lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Iṣẹ́ bàbà tún ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀. Wáyà bàbà tí wọ́n bó tán yóò kọ́kọ́ gbà fún òòlù, yóò máa tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lù ú pẹ́, yóò le, bí oníṣẹ́ kò bá sì kíyè sí i, yóò sán lójú ibi tí ó ti tẹ́ jù. Oníṣẹ́ yóò dá a padà sínú iná títí yóò fi pọ́n, yóò tì í bọ inú omi, yóò sì bá a ní rírọ̀, èyí tí ó jẹ́ òdìkejì ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀bẹ irin. Lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ lílù. Ojú òòlù ń hàn lára iṣẹ́ náà, àmì ọwọ́ ẹnì kan sì ni, nítorí pé bí ènìyàn méjì bá lu irú wáyà kan náà pẹ̀lú òòlù kan náà, àmì tí wọn yóò fi sílẹ̀ kò ní bára mu. Níbẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ àfọwọ́ṣe ti yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, kì í ṣe nítorí pé ti ọwọ́ máa ń dán jù, ti ẹ̀rọ gan-an ni ó sábà máa ń dán jù.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò fi ní orúkọ. Ìtàn fi hàn pé àìlórúkọ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó ju 12,000 lọ jáde nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ohun tí wọ́n pò pọ̀ di gíláàsì náà kò bá ti Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu, tí ó jẹ́ pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ní Ìlọrin, àwọn ọmọ ará Ọ̀yọ́ Ilé ń fi òkúta pupa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ làńtànà, wọ́n ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn títí yóò fi dán, kí iṣẹ́ náà tó rọlẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ní Bídà, àwọn Masaga, ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ gíláàsì láàárín àwọn Tápà, ń yọ́ ìgò di ẹ̀gbà ọwọ́. Orúkọ ìlú àti orúkọ ẹgbẹ́ ni ó kù lára gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí àwọ̀ aró ti ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi nínú iná ìléru, tí ó sì mọ bí a ṣe ń mú un padà wá, ti parẹ́ mọ́ ìtàn.

Òṣogbo ni nǹkan ti yí padà nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀ṣọ́ kékeré sì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí Asiru Olatunde sí ní 1918. Nígbà tí agbára rẹ̀ kò gbé òòlù ńlá mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà ṣe ohun ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́, Ulli Beier àti Susanne Wenger, àwọn òyìnbó méjì tí ń ṣagbátẹrù iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, sì rí i pé ojú tí ó fi ń wo ẹranko àti ènìyàn yàtọ̀, wọ́n sì gbà á níyànjú pé kí ó tẹ̀ síwájú. Láti orí yẹtí ni ó ti bọ́ sórí páànù bàbà àti ti alumíníọ̀mù tí ó fẹ̀, tí ó ń fi ṣóńṣó irin lu ìtàn sí lára, igi tí ẹyẹ kún, ọba lórí ẹṣin, ìtàn inú Bíbélì, títí di ìgbà tí ó kú ní 1993. Jinadu Oladepo ní tirẹ̀ ń fi ọ̀nà ìda rọ idẹ, ìyẹn ni pé yóò fi ìda oyin mọ ohun tí ó fẹ́, yóò fi amọ̀ bò ó, yóò sun ún kí ìda náà lè yọ́ jáde, yóò da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀, yóò sì fọ́ amọ̀ náà. Níwọ̀n ìgbà tí amọ̀ ti fọ́, a kò lè fi í rọ òmíràn mọ́, nítorí náà ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀gbà kọ̀ọ̀kan láyé. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo a máa wọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti ọ̀ṣọ́ àyà tí ó rọ gẹ́gẹ́ bí àmì ẹgbẹ́ wọn, ẹni tí ó bá sì rí i lọ́wọ́ wọn yóò mọ̀ pé iṣẹ́ Jinadu ni. Jimoh Buraimoh, tí ó ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Duro Ladipo, mú ìlẹ̀kẹ̀ tí adé ọba mọ̀, ó tò ó sórí pátákó, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìgboyà ńlá ni ìyẹn, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tí ọba nìkan ń gba ògo rẹ̀ ni ó fún ní baba mìíràn.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ ti ń gba irú ògo bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn tí ó tóbi jù lágbàáyé. Ní 2021, ilé gbàǹjo Sotheby's ní New York ṣe ìpàtẹ tí wọ́n pè ní Brilliant & Black, tí Melanie Grant ṣètò, tí aláwọ̀ dúdú 21 tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ pàtẹ iṣẹ́ wọn níbẹ̀, Thelma West tí ó dàgbà ní Èkó sì wà lára wọn. Ní London, Victoria and Albert Museum, tí ó ṣe ìpàtẹ Africa Fashion láti 2022 sí 2023, gba Emefa Cole, ọmọ Gánà, gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ọ̀ṣọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà káàkiri àgbáyé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ra òrùka rẹ̀ kan sínú àkójọ wọn. Emefa Cole fúnra rẹ̀ sì padà lọ sí ilẹ̀ Àṣáǹtì lọ kọ́ iṣẹ́ ìda lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà ààfin, irú iṣẹ́ kan náà tí Jinadu Oladepo mọ̀ ní Òṣogbo.

Ní Èkó, Victoria Island, Lẹ́kí, Ìkòyí àti Oníkàn ni ibi ìpàtẹ tí ó lórúkọ pọ̀ sí. Nike Art Gallery wà ní Lẹ́kí, ìpàtẹ ọnà Art X tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 ń wáyé ní Victoria Island, ilé ìtajà Alára tí Reni Folawiyo dá sílẹ̀, tí ń ta ọ̀ṣọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun rere ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n láti Ajégúnlẹ̀ dé ibẹ̀, ènìyàn ní láti la sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ àwọn tírélà Àpápá kọjá, kí ó sì san owó ọkọ̀ tí ó lè pọ̀ ju èrè ọjọ́ méjì lọ, kí ó tó wá kan ilẹ̀kùn níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n rí. Àwọn Yorùbá sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olówó Èkó mọ orúkọ àwọn tí ń ṣe ọ̀ṣọ́ ní Paris ju ti àwọn tí ń sín iyùn tí ó wà lọ́rùn ìyá wọn lọ.

Ìṣòro kan tún wà tí ó sún mọ́lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ oníbàárà ni ó sì ti ń wá. Oníbàárà máa ń gbé fóònù wá, yóò fi àwòrán ẹ̀gbà ọrùn tí ẹlòmíràn ti ṣe han oníṣẹ́, yóò sì ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun ń fẹ́, àwọ̀ nìkan ni kí ó yí padà. Oníṣẹ́ tí ó ní owó ilé ìwé ọmọ láti san kò ní kọ̀. Bí ó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ á ti já fáfá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò tíì gbèrò ohunkóhun tí ó lè pè ní tirẹ̀. Ìpàtẹ ni ó lè já okùn yìí, nítorí pé ẹni tí yóò pàtẹ kò ní oníbàárà kan tí yóò gbé àwòrán wá fún un; òun àti ohun èlò ni yóò jọ jókòó títí ohun tuntun yóò fi jáde.

Kò sì pọn dandan kí ibi ìpàtẹ jẹ́ ààfin. Mbari Mbayo ti Òṣogbo, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tí a dárúkọ lókè gbà di ẹni tí ayé mọ̀, ilé ọtí Duro Ladipo ni tẹ́lẹ̀, Popular Bar ni wọ́n ń pè é, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi eré àti ibi ìpàtẹ ní 1962. Ajégúnlẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń ṣófo ní Sátidé, ó sì ní ilé àríyá ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Boundary. Tábìlì díẹ̀, aṣọ dúdú tí a tẹ́ sórí wọn kí bàbà lè hàn, iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹrù, àti páálí pélébé kan níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é sí, ohun tí ó fi ṣe é, ọdún tí ó ṣe é, àti iye tí ó ń tà á, ni a nílò láti bẹ̀rẹ̀.