Má Tíì Sọ Adapter Náà Nù

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
Oṣù Kọkànlá, 2025

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Òtútù ti wọlé síbí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ máa ń lù báyìí tí ilẹ̀ á ti máa ṣú, nígbà tí oòrùn ṣì ń ta lọ́hùn-ún ní Ayọ̀bọ̀. Tí mo bá dé Rye Lane ni ara máa ń tù mí: iṣu wà níbẹ̀, ata rodo wà, àwọn ìyá tó ń tajà á sì ti kí mi ní Yorùbá kí n tó yanu.

O ní láptọ́ọ̀pù náà ti ń yára láti ìgbà tí o ti fi Linux Mint sí i, pé Wi-Fi inú rẹ̀ nìkan ló kú. O ní adapter Wi-Fi tí o rà ní Computer Village n'Íkẹjà kò tan iná, ẹni tó tà á sì ní Windows nìkan ló ń gbà. Má tíì sọ ọ́ nù. Irú rẹ̀ ṣe mí níbí. Yàrá òkè ni mò ń gbé, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì onílé wà, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ fa wáyà gba orí àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀, láti orí owó ilé títí dé orí àtilọ rí dókítà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ nílùú yìí.

Nígbà tí adapter tí èmi náà rà kò ṣiṣẹ́, mo gbé òun àti láptọ́ọ̀pù mi lọ sí Repair Café lọ́jọ́ Sátidé kan. Martine Postma ló dá irú ìpàdé yìí sílẹ̀ ní Amsterdam ní 2009, kó tó tàn káàkiri. Àwọn tó mọwọ́ iṣẹ́ á jókòó sínú gbọ̀ngàn, wọ́n á bá ọ tún nǹkan rẹ ṣe láìgba owó iṣẹ́. Bàbá àgbàlagbà tó dá mi lóhùn kò tilẹ̀ wo orúkọ tó wà lára páálí. Ó ní kí n ṣí Terminal, kí n tẹ `lsusb`. Nọ́ńbà kan jáde: 0bda:1a2b. Bíi nọ́ńbà ara mọ́tò ni nọ́ńbà yìí rí. Wọ́n lè kun mọ́tò ní ọ̀dà mìíràn, nọ́ńbà á sọ ẹni tó ni ín. 0bda, Realtek ni. 1a2b ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé adapter náà ń pe ara rẹ̀ ní díìsìkì. Dráíbà Windows, ìyẹn ètò tó ń mú adapter ṣiṣẹ́, ni wọ́n tọ́jú sínú díìsìkì yẹn, kí ẹni tó bá rà á má baà wá a kiri. Àfi kí a lé díìsìkì yẹn kúrò kí Wi-Fi tó yọjú. Bàbá náà tẹ èyí:

`sudo usb_modeswitch -KW -v 0bda -p 1a2b`

Mo tún `lsusb` tẹ̀, nọ́ńbà ti di 0bda:c811. Iná kékeré tó wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú, orúkọ gbogbo Wi-Fi tó wà nítòsí sì tò sí igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró.

Ọlọ́jà yẹn ò purọ́ fún ọ, ohun tó mọ̀ ló sọ. Dráíbà c811 ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 6.2, tó jáde ní 2023; ẹ̀dà 6.8 sì ni Mint 22 bá wá. Sascha Hauer, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Jámánì, ló kọ apá tó jẹ́ kí irú adapter oní-USB yìí ṣiṣẹ́. Kò mọ̀ ẹ́ rí, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti wà nínú láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì rẹ báyìí. Mi ò lè ro èyí kí orí mi má wú.

Tí nọ́ńbà tìẹ bá yàtọ̀, má bẹ̀rù. 0bda:8812, bí àpẹẹrẹ, ẹ̀dà 6.14 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wọlé, nítorí náà wàá ní láti gba ẹ̀dà tuntun sílẹ̀. Fi wáyà ṣájà so fóònù rẹ mọ́ láptọ́ọ̀pù, tan USB tethering, kí o wá ṣe é láti inú Update Manager. Á jẹ dátà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó owó adapter mìíràn. Tí o bá sì yọ adapter, tí o tún fi í sí i padà, ó lè padà di díìsìkì. Tún àṣẹ yẹn tẹ̀.

Fi ọkàn kọ́ Linux dáadáa. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá tó kọjá, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí kò gba Windows 11 ni àwọn ará ibí ń gbé jùnù, bẹ́ẹ̀ ara wọn le koko. Tókunbọ̀ wọn á dé Íkẹjà láìpẹ́, ẹni tó bá mọ Linux ni yóò rí wọn lò.

Ya àwòrán ohun tí `lsusb` bá sọ, kí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ òní. Inú bọ́ọ̀sì ni mà á ti kà á bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé owó oògùn ti wọ àkáǹtì.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.