Uche Tọkùnrin, Uche Tobìnrin

Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé mi dé Enugu ní 1973, ọdún kẹta tí ogun abẹ́lé parí. Coal Camp ni mo gba yàrá sí, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Ogbete. Èédú ló sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá: 1909 ni wọ́n rí i lábẹ́ òkè Udi, 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, nígbà tó sì máa fi di 1916, ojú irin ti so Enugu mọ́ Port Harcourt. Onírúurú ẹ̀yà ni iṣẹ́ kó jọ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí èmi.

Nínú agbo ilé wa, bí ìyá kan bá dúró lẹ́nu ilé ìdáná tó ké pe "Uche!", ọmọkùnrin kan á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, ọmọbìnrin kan á dáhùn nídìí ẹ̀rọ omi, bàbá kan tó ń fá irùngbọ̀n á sì gbójú sókè. Ó di kí wọ́n pe "Uche nwoke", Uche ọkùnrin, tàbí "Uche nwanyị", Uche obìnrin, kí oníkálùkù tó mọ ara rẹ̀. Uche obìnrin yìí ló máa ń gbé ọ̀kpà wá sí ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀, èyí tó jọ mọ́ínmọ́ín wa, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì. Bó bá ti tú ewé náà báyìí, ooru á rú lù ọ́ lójú, wàá sì rí i bí epo pupa ṣe mú un lára. Mo ti jẹ ọ̀kpà níbòmíràn látìgbà náà, kò dà bíi tiwọn.

Ní èdè Ìgbò, uche ni èrò ọkàn, ni làákàyè, ni ohun tí inú ẹni ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ Uche ló ní ìyókù orúkọ lẹ́yìn: Uchenna, ìfẹ́ inú Baba, Uchechukwu, ìfẹ́ inú Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ èyí fún mi, mo ní, "Ìfẹ́olúwa nìyẹn!" Ta ló ń bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kí ó tó sọ ọmọ ní Ìfẹ́olúwa?

Kì í ṣe pé wọn kò ní orúkọ tó ń ya akọ yà abo. Ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ ọjà Eke, Okeke ni bó bá jẹ́ ọkùnrin, Mgbeke ni bó bá jẹ́ obìnrin. Ti ọjọ́ ọjà Afọ ni Okafor àti Mgbafor. Àwa náà ní Àkànní, a ní Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí òbí bá fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ohun tó wà lọ́kàn òbí ló ń sọ, kì í sọ ohun tó wà lára ọmọ.

Inú ìwé ọ́fíìsì nìkan ni wàhálà wà. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká kọ Mísítà tàbí Mísíìsì síwájú Uche kankan àfi tí a bá ti fojú rí ẹni náà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fẹ́ mọ̀. "Ó" kan náà ni àwa ń lò fún gbogbo ènìyàn, "ọ" kan náà ni àwọn Ìgbò náà ń lò.

Uche mìíràn tún wà nínú agbo ilé náà, Uche kékeré, ọmọ tí wọ́n bí nígbà ogun. Oṣù kẹwàá 1967 ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Enugu, ìyá rẹ̀ sì sá jáde tòun ti oyún. Ó sọ fún mi pé nínú ibùdó àwọn asásálà ni òun ti bímọ, tí òun kò mọ̀ bóyá ọkọ òun wà láàyè. Ó ní orúkọ ti délẹ̀ kí ọmọ tó dé: Uchechukwu. Bó bá jẹ́ akọ, òun ni. Bó bá jẹ́ abo, òun náà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé orúkọ tí kò ya akọ yà abo kò nítumọ̀ tó, obìnrin yẹn ni mo máa ń rántí.

Àwọn Uche tó lókìkí kò mọ sọ́dọ̀ akọ tàbí abo nìkan. Uche Okafor, ọkùnrin ni, ó wà nínú ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Super Eagles tó gba ife Áfíríkà ní Tunisia ní 1994. Uche Jombo, obìnrin ni, òṣèré fíìmù. Èyí tó wù mí jù ni Uche Okeke, oníṣẹ́ ọnà, tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Zaria ní 1958 pẹ̀lú Yusuf Grillo ọmọ Èkó àti àwọn mìíràn. Lẹ́yìn ogun, ó ń kọ́ni ní yunifásítì Nsukka. Uli ló sọ di ńlá, ọnà tí àwọn obìnrin Ìgbò máa ń yà sára àti sára ògiri tẹ́lẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin ni, ọkùnrin ló gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, orúkọ tí ọkùnrin náà sì ń jẹ́, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ.

Uche obìnrin ṣì ń pè mí lórí fóònù, "Papa" ló ń pè mí. Ó ní àwọn òbí ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọmọ ní Uche mọ́. Somtochukwu, Kamsiyochukwu ló wọ́pọ̀. Ọmọ-ọmọ tirẹ̀ ń jẹ́ Kosisochukwu, ìyẹn ni bó ṣe wu Ọlọ́run. Mo bi í pé ṣé ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó ní obìnrin ni, àmọ́ Kosisochukwu méjì mìíràn wà ní kíláàsì rẹ̀, ọkùnrin sì ni àwọn méjèèjì.